Iná Ààrò Zogbeli àti Ẹ̀kọ́ Ọ̀mọ̀wé lórí Ohun Ìdáná Tí Kábọ́ọ̀nù Rẹ̀ Kéré

Nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìjóná ni orúkọ tí a fún ìpàdé ohun ìdáná pẹ̀lú ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, ìpàdé tó ń tú ooru sílẹ̀, tó sì ń sọ ohun tó jó di eérú, èéfín àti oríṣiríṣi gáàsì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀ka ìmọ̀ yìí lóde òní ti kúrò lórí bí epo rọ̀bì ṣe ń jó, wọ́n ti bọ́ sórí ohun ìdáná tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré, ìyẹn àwọn tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá jó tán, kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáídì tí wọ́n ń dà sójú òfuurufú, tó sì ń mú ayé gbóná, kò tó ti epo rọ̀bì àti ti èédú tí a ń wà nínú ilẹ̀. Háídírójìn wà lára wọn, amóníà wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni epo tí a fún láti ara èso igi àti gáàsì tó ń jáde lára ìgbẹ́ ẹran. Ẹni tó bá gbé irú ẹ̀kọ́ yìí dání wọ Zogbeli, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò ìlú Tamale ní àríwá Gánà, yóò rí i kíákíá pé ìbéèrè tí àwọn ìwé ìmọ̀ ń béèrè àti ìbéèrè tí ààrò ilé ń béèrè kì í ṣe ọ̀kan náà, àti pé èyí tí ààrò ń béèrè le ju èyí tó wà nínú ìwé lọ.

Tamale kì í ṣe ìlú àjèjì sí àwọn Yorùbá. Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìgbòho ti ń tajà níbẹ̀, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Jeremy Eades, tó ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lórí àwọn Yorùbá àríwá Gánà, ló kọ ìtàn wọn sínú ìwé kan tó jáde ní 1993. Ìlú àwọn Dagomba ni Tamale, Dagbani ni èdè wọn, Mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 ka àwọn ènìyàn tó ju 370,000 lọ sí abẹ́ ìjọba ìlú ńlá náà nìkan. Igi ìdáná, èédú àti gáàsì inú sìlíńdà ni àwọn ará ìlú fi ń dáná, oúnjẹ tí wọ́n sì ń dá jù lọ ni túwó tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo tàbí ọkà bàbà rò. Yàtọ̀ sí oúnjẹ ilé, àwọn obìnrin ń se òrí, wọ́n ń yan ẹ̀pà, wọ́n sì ń bọ ìrẹsì kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìlọ̀, èyí tó fi hàn pé iná ààrò kì í ṣe ti ọbẹ̀ nìkan, ti òwò náà ni.

Igi tí a kì bọ ààrò kì í jó ní odidi bí ojú ṣe rí i. Ooru á kọ́kọ́ lé omi ara rẹ̀ jáde. Nígbà tí ooru náà bá ti ju ìwọ̀n 200 Celsius lọ, ara igi á bẹ̀rẹ̀ sí tú ká, á máa tú gáàsì sílẹ̀, gáàsì yìí gan-an ló sì ń jó tí a ń rí ọwọ́ iná. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ẹ̀yinná, tó ń pọ́n tó sì ń jó láìní ọwọ́ iná. Bí gáàsì náà bá rí afẹ́fẹ́ tó tó, tí ooru ibẹ̀ kò sì rẹlẹ̀, gbogbo kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ló máa di kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáídì. Àmọ́ bí ìdí ìkòkò tútù bá pa ọwọ́ iná náà kó tó jó tán, tàbí tí igi bá tutù, ohun tó máa jáde ni kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì, gáàsì tí kò ní òórùn tó sì ń pa ènìyàn, pẹ̀lú èérún èéfín dúdú tó kéré débi pé ó ń gba imú kọjá wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Èérún tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máíkírómítà méjì ààbọ̀ lọ ni àwọn onímọ̀ ìlera ń bẹ̀rù jù. Láti ọdún 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí ìpíndọ́gba rẹ̀ lọ́dún má ṣe ju máíkírógíráàmù márùn-ún lọ nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́. Ìṣirò àjọ náà ni pé èéfín inú ilé fa ikú ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 ní ọdún 2020 káàkiri ayé.

Ìwọ̀nyí kọ́ ni ohun tó ń gba ojú ìwé jù nínú àwọn ìwé ìmọ̀ ìjóná lónìí. Háídírójìn àti amóníà ni. Háídírójìn kò ní kábọ́ọ̀nù kankan, omi ló ń dà bó bá jó. Amóníà, tí náítírójìn àti háídírójìn parapọ̀ dá, kò ní kábọ́ọ̀nù pẹ̀lú. Ìṣòro wà lára iná wọn. Bí a bá wọn bí ọwọ́ iná ṣe ń yára rìn la àdàlù gáàsì àti afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ kọjá, ti mẹ́tíénì, tó pọ̀ jù nínú gáàsì ilẹ̀, kò pé sẹ̀ńtímítà ogójì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti háídírójìn ju igba lọ. Ti amóníà kò ju bíi méje lọ. Nítorí náà iná háídírójìn lè sáré padà wọ inú ọ̀pá tó ń gbé e bọ̀, nígbà tí iná amóníà ń lọ́ra tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè fẹ́ ẹ pa. Lẹ́yìn èyí, náítírójìn inú amóníà lè di àwọn gáàsì tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ọ̀kan lára wọn sì wà tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ti kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáídì lọ ní ìlọ́po bíi 270 láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Iṣẹ́ bí a ṣe lè tu iná yìí lójú ló wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cardiff ní Wales àti Yunifásítì Tohoku ní Japan, níbi tí wọ́n ti ń lo ìtànṣán lésà láti ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọwọ́ iná. Ní 2024, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó wà ní Hekinan ní Japan fi amóníà rọ́pò ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ooru tí èédú ilẹ̀ ń pèsè nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, ìdánwò tí gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ náà ń tọ́ka sí.

Amóníà kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ yúríà tí àwọn àgbẹ̀ Tamale ń rà ní àpò àpò, òun náà sì ni ìpìlẹ̀ ohun tí ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Lẹ́kì, tí wọ́n ṣí ní 2022, ń ṣe. Ṣùgbọ́n gáàsì ilẹ̀ ni wọ́n ń lò láti ṣe é níbẹ̀, nítorí náà kábọ́ọ̀nù tí kò jáde nígbà tí amóníà ń jó ti jáde nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Amóníà jẹ́ májèlé pẹ̀lú, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa gbé e wọ ilé ìdáná. Bó bá máa wúlò fún Zogbeli rárá, ojú wáyà iná mọ̀nàmọ́ná ló máa gbà wọlé, ọjọ́ yẹn kò sì tíì súnmọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó ní àríwá Gánà, tó sì fi gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀ lé iná amóníà lórí kọ̀ǹpútà nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ìwé ìròyìn ìmọ̀ kọjú sí, kò ṣe ohun tó burú. Ó kàn jẹ́ pé àwọn tó ní lésà yóò máa ṣáájú rẹ̀ nígbà gbogbo, iná tó wà nílé rẹ̀ kò sì ní rí ẹni tó máa bá a wò ó.

Iná tó wà nílé yìí kì í ṣe ohun kékeré fún onímọ̀. A lè fi èédú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ìdílé ìgboro Tamale fi ń dáná lórí àdògán. Àwọn tó ń sun èédú nínú igbó a máa to igi jọ, wọn a fi koríko àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọn a sì jẹ́ kí iná máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Igi bíi kílógíráàmù mẹ́fà ló ń wọ inú ebè bẹ́ẹ̀ kí kílógíráàmù èédú kan tó jáde. Kílógíráàmù igi gbígbẹ kan ní agbára ooru bíi megajoule mẹ́rìndínlógún, èédú sì ní bíi mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Bí àdògán bá gbé ìdá kan nínú mẹ́rin agbára èédú dé inú ìkòkò, megajoule méje àti díẹ̀ ni ìkòkò rí. Bí a bá jó igi mẹ́fà yẹn ní tààrà lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, tí kì í gbé ju bíi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún dé inú ìkòkò, ó ju mẹ́rìnlá lọ. Bí a bá jó o nínú ààrò tí wọ́n mọ dáadáa, tó ń gbé ìdá ọgbọ̀n, ó ń súnmọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Èédú tí kò ní èéfín púpọ̀, tí àwọn obìnrin ìgboro fẹ́ràn nítorí pé kì í ta ojú, ti jẹ igi tó pọ̀ kó tó dé ọjà.

Níbí ni ìṣirò kábọ́ọ̀nù ti ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Gáàsì ìdáná inú sìlíńdà jẹ́ ọmọ epo rọ̀bì, igi sì jẹ́ ohun tó ń hù. Ẹni tí kò bá wò ó jinlẹ̀ á sọ pé igi àti èédú ni kábọ́ọ̀nù wọn kéré. Kílógíráàmù gáàsì kan ní megajoule bíi mẹ́rìndínláàádọ́ta, sítóòfù gáàsì sì ń gbé ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ dé inú ìkòkò, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáídì tó ń jáde lára rẹ̀ tó kílógíráàmù mẹ́ta. Kílógíráàmù èédú kan náà ń tú bíi mẹ́ta jáde, àmọ́ méje àti díẹ̀ ni ìkòkò rí lára rẹ̀. Fún ooru kan náà nínú ìkòkò, èédú ń tú ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ ti gáàsì, a kò sì tíì ka ohun tó jáde láti inú ebè nínú igbó mọ́ ọn. Bí igi mìíràn bá hù rọ́pò èyí tí wọ́n gé, yóò fa kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáídì náà padà. Ṣùgbọ́n mẹ́tíénì tí ebè ń tú jáde, tó ń mú ayé gbóná ju kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáídì lọ ní ìlọ́po tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, igi kankan kì í fà á padà. Nítorí náà a kò lè dárúkọ ohun ìdáná kan kí a sì sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré, àfi tí a bá tọpa rẹ̀ láti inú igbó tàbí ibi tí wọ́n ti ń fọ epo títí dé abẹ́ ìkòkò, tí a sì mọ̀ bóyá igbó náà ń padà hù. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé gan-an nìyẹn, kò sì nílò lésà.

Gánà ti gbìyànjú gáàsì fúnra rẹ̀. Láti 1990 ni ìjọba ti ń polongo gáàsì ìdáná, àmọ́ àwọn awakọ̀ takisí ló tètè mọ ìwúlò rẹ̀, wọ́n yí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn padà, wọ́n sì ń fi gáàsì tí ìjọba dín owó rẹ̀ kù fún ilé ìdáná sáré ìgboro. Nígbà tó yá, ìjọba pín sìlíńdà àti sítóòfù fún àwọn ará ìgbèríko. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà lọ rọ gáàsì mìíràn nítorí owó àti nítorí pé ibi ìrọgáàsì jìnnà. Lẹ́yìn tí ibùdó gáàsì kan gbiná ní Atomic Junction ní Accra ní ọjọ́ 7, oṣù kẹwàá, ọdún 2017, tí ènìyàn méje sì kú, ìjọba gbà pé kí oníbàárà máa gbé sìlíńdà òfìfo wá gba èyí tó kún, dípò kí wọ́n máa rọ ọ́ sí i láàárín ìgboro.

Ìwádìí ìlera méjì tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gánà ló yẹ kí ẹni tó bá ń kọ́ ìmọ̀ ìjóná ní Tamale kà ṣáájú ìwé ẹ̀rọ kankan. Èkínní ni ti Kintampo, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, tí wọ́n pín aboyún 1,414 sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba sítóòfù gáàsì, àwọn kan gba ààrò igi tó ní fáànù, àwọn yòókù sì ń bá ààrò àtijọ́ lọ. Èéfín tó kan àwọn tó gba gáàsì dín kù, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò tán, ìwọ̀n tí àwọn ọmọ fi wáyé àti àrùn òtútù àyà líle tó kọlù wọ́n ní ọdún àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù lọ́nà tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Èkejì wáyé nítòsí Navrongo ní ìhà òkè àríwá, níbi tí àwọn olùwádìí Gánà àti ti Colorado ní Amẹ́ríkà ti pín ààrò tuntun oríṣi méjì fún àwọn ìdílé kan nínú igba ìdílé tí wọ́n yàn. Àwọn ìdílé náà gba ààrò tuntun, wọn kò sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ohun tí ìwádìí méjèèjì ń sọ fún onímọ̀ ìjóná le díẹ̀: iná tó mọ́ nínú sítóòfù kan kò tó, bí ìdílé bá tún ń dá iná mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí èéfín ilé aládùúgbò sì ń fẹ́ wọlé.

Epo láti ara igi náà ti ní ìtàn tirẹ̀ ní agbègbè yìí. Ní Gbimsi, nítòsí Walewale, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan gbin lápálàpá, wọ́n fún epo rẹ̀, wọ́n sì pò ó mọ́ dísù láti fi yí ẹ̀rọ ìlọta wọn. Epo lápálàpá ki ju dísù lọ, kì í sì fọ́n ká wínníwínní bó bá wọ inú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ló sì ń fà á tí èédú fi ń dì mọ́ ẹnu ìfọ́nká epo bí wọn kò bá pò ó mọ́ nǹkan mìíràn tàbí kí wọ́n mú un gbóná ṣáájú. Láàárín ọdún 2007 sí 2008, ilé iṣẹ́ kan láti Norway gba ilẹ̀ tó fẹ̀ ní agbègbè Yapei láti gbin lápálàpá fún ọjà òkèèrè, ariwo sì ta lórí ilẹ̀ náà. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ti àwọn obìnrin Gbimsi ló ní ìbéèrè ìjóná tó ṣeé fi gboyè. Èèpo ìrẹsì tó ń gọ́ jọ lẹ́yìn àwọn ilé ìlọ̀ ìrẹsì náà ní ìbéèrè tirẹ̀: ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ìrẹsì tí a kò tíì bó, àmọ́ eérú rẹ̀ pọ̀, èròjà inú yanrìn ló sì pọ̀ jù nínú eérú náà, tó fi máa ń dì mọ́ inú ààrò tó bá gbóná jù.

Ìgbé ayé ẹni tó ń ṣe irú ẹ̀kọ́ yìí kò rọrùn. Wọ́n dá Yunifásítì fún Ìdàgbàsókè sílẹ̀ ní Tamale ní 1992, ó sì ní ilé ẹ̀kọ́ ní Nyankpala lẹ́yìn ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yàrá tí wọ́n ti ń dán ààrò wò ní láti rìn tó kìlómítà 380 lọ sí yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Kumasi, tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀ dé Accra. Ní Sunyani, ibùdó ìmọ̀ kan wà tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé lórí agbára iná. Bákan náà, àjọ WASCAL, tó ń rí sí ìmọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan sì wà ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́, ń san owó ìtọ́jú fún àwọn tó bá yege. Ìgbésẹ̀ náà gùn: kíláàsì lọ́dún àkọ́kọ́, ìdánwò àgbéyẹ̀wò, ìgbèjà àbá ìwádìí níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣèwádìí lórí wọn, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ pápá, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ á ti kọ́kọ́ rí baálé ilé kó tó lè wọ ibi tí àwọn ìyá ilé ti ń dáná.

Èéfín ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀n níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà wọ̀n ọ́n ni pé kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ gba inú asẹ́ pẹlẹbẹ kan kọjá, kí wọ́n sì wọn asẹ́ náà ṣáájú àti lẹ́yìn. Ohun tó bá fi wúwo sí i lè máà tó mílígíráàmù kan. Ní Tamale, ọyẹ́ ń fẹ́ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, eruku aṣálẹ̀ a sì bo ìlú débi pé asẹ́ tí a gbé síta, níbi tí iná kankan kò sí, náà á wúwo. Olùwádìí gbọ́dọ̀ gbé asẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nítòsí ààrò, ọ̀kan níta, kó sì yọ eruku kúrò nínú èéfín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ààrò tó dára á dà bí èyí tó burú nítorí pé inú ọyẹ́ ni wọ́n dán an wò. Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà náà ní wàhálà tirẹ̀. Cantera, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò kẹ́mísírì iná, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, àpèjúwe ìjóná mẹ́tíénì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, GRI-Mech 3.0, ní èròjà 53 àti ìgbésẹ̀ 325 nínú. Kọ̀ǹpútà kékeré lè ṣe ìṣirò ọwọ́ iná kan ṣoṣo. Àmọ́ bí ènìyàn bá fẹ́ ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí nínú odidi ààrò, ó lè gba ọjọ́ púpọ̀, àkókò tí iná mọ̀nàmọ́ná sì ń lọ tó ń bọ̀, tí àwọn ará Gánà ń pè ní dumsor, ti ba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí iṣẹ́ bá wá parí, àpérò àgbáyé lórí ìjóná tó ń wáyé ní ọdún méjì méjì, tó wà ní Vancouver ní 2022 àti Milan ní 2024, ń béèrè owó ọkọ̀ òfuurufú àti físà, ohun méjì tí owó ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà ká.

Bó ti wù kó rí, ohun kan wà tí ẹni tó wà ní Tamale mọ̀ tí yàrá ìwádìí òkèèrè kò mọ̀. Ìlànà tí wọ́n fi ń dán ààrò wò nínú yàrá ìwádìí sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n gbé omi kaná, kí wọ́n sì wọn ohun ìdáná tó jó àti èéfín tó jáde. Omi kì í gbọn ìkòkò. Ẹni tó ń ro túwó ń fi gbogbo agbára apá rẹ̀ yí orógùn nínú ìkòkò ńlá, ìyẹ̀fun náà sì ń ki sí i bó ṣe ń jinná. Ààrò tó fúyẹ́, bó ti wù kí iná rẹ̀ mọ́ tó, á mì tìtì, ìyá tó ń ro túwó á sì gbé ìkòkò rẹ̀ padà sórí òkúta mẹ́ta. Iná ibẹ̀ náà kò dúró sójú kan, nítorí ó ní láti lágbára kí omi hó, kó sì rẹlẹ̀ nígbà tí túwó bá ń ki, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ààrò tí wọ́n mọ fún iná líle máa ń rú èéfín jù lọ nígbà tí a bá dín igi inú wọn kù. Ìlànà ìdánwò mìíràn wà tó fún olùwádìí láyè láti fi oúnjẹ ìlú rọ́pò omi: ẹni tó mọ oúnjẹ náà ní ń sè é lórí ààrò àtijọ́ àti lórí tuntun, wọn a wọn ohun ìdáná tó lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun tó ń sè é ló sì ń sọ ìgbà tó jinná.